Wọ́n ní ó kàn ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wọn: Guy Lewis àti alẹ́ ọjọ́ kan ní Albuquerque

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ti pẹ́ ní Houston, kò sì sí ìtàn bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ìlú náà tí èèyàn lè sọ tí kò ní mọ̀. Ọ̀rọ̀ Hakeem Olajuwon la wà, ni mo bá béèrè pé irú èèyàn wo ni Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba ọmọ Èkó náà sí Yunifásítì Houston. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, ọkùnrin yẹn ò kọ́ wọn ní nǹkan kan o. Ó kàn ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wọn ni, àwọn náà á wá máa gbá a lọ."

Kì í ṣe òun ló dá ọ̀rọ̀ náà sọ. Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé ohun tí àwọn kan ti ń sọ nípa Lewis nìyẹn láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin tó darí ikọ̀ kan ṣoṣo fún ọgbọ̀n ọdún, láti 1956 dé 1986, tó borí nínú ìdíje 592, tó pàdánù 279, tó mú wọn dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ní 1967, 1968, 1982, 1983 àti 1984. Nígbà tí NBA, líìgì àwọn tó ń fi básíkẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, yan àádọ́ta agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú ìtàn rẹ̀ ní 1996, mẹ́ta nínú wọn ló ti ọwọ́ rẹ̀ jáde: Elvin Hayes, Clyde Drexler àti Hakeem. Báwo ni ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ṣe máa ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta?

Síbẹ̀ mi ò rí èsì fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà. Ni mo bá lọ wá eré tí gbogbo ayé fi ń dá Lewis lẹ́jọ́, mo jókòó tì í.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1983. Àṣekágbá NCAA ni wọ́n ń gbá, nínú gbọ̀ngàn eré tí wọ́n ń pè ní The Pit, ní ìlú Albuquerque. Ìgbà 26 ni Houston ti borí tẹ̀léra kí wọ́n tó débẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú, wọ́n na Louisville 94 sí 81, wọ́n ń fò, wọ́n ń fi ọwọ́ ki bọ́ọ̀lù bọ inú agbọ̀n títí ẹnu fi ya àwọn tó ń wò wọ́n. Dọ́ǹkì ni àwọn ọmọ orí pápá ń pe irú ìjùsínú bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí akọ̀ròyìn kan ní Houston sọ wọ́n ní Phi Slama Jama, bí ẹgbẹ́ imùlẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ wọn ò ju dọ́ǹkì lọ. Àwọn tí wọ́n fẹ́ bá gbá, North Carolina State, ti pàdánù ìgbà mẹ́wàá ní sáà náà. Jim Valvano ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ṣàṣà lẹni tó rò pé wọ́n lè borí.

Valvano mọ̀ pé bí eré bá yá, òun kú. Ó ní kí àwọn ọmọ òun fà á, kí wọ́n má jẹ́ kí Houston sáré. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, NC State ló ń ṣíwájú, 33 sí 25. Fáọ̀lù mẹ́rin ti wà lọ́rùn Drexler, bẹ́ẹ̀ ìkarùn-ún ló ń lé èèyàn kúrò nínú eré pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà wọlé, Houston jí. Wọ́n jẹ àmì 17, NC State jẹ 2 péré. Ó di 42 sí 35. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dá fídíò náà dúró. Ibẹ̀ ni Lewis ti pàṣẹ pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n di bọ́ọ̀lù mú, kí wọ́n jẹ́ kí aago máa lọ. Òfin ìgbà náà gbà á láyè. Kò tíì sí aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá mọ́ ikọ̀ tó bá ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Sáà 1985 sí 1986 ni irú aago bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ti gbogbo yunifásítì. Ẹni tó bá ń ṣíwájú lè máa fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wọn títí ó fi máa sú ẹni tó ń wò.

Ó dà bíi pé ìdí tó fi ṣe é kò ṣòroó rí. Albuquerque fi mítà tó lé ní 1,500 ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́ fún ẹni tó ti Houston wá, ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kò jìnnà sí òkun. Èèyàn lè fojú ara rẹ̀ rí i pé mímí ti di iṣẹ́ fún Hakeem. Drexler kò lè sún mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí fáọ̀lù. Àwọn baba wa ní mọ̀jà-mọ̀sá ni ti akínkanjú; akínkanjú tó mọ̀jà tí kò mọ̀sá ní í bá ogun lọ. Mo gbà pé ohun tó wà lọ́kàn Lewis nìyẹn: kí àwọn ọmọ òun sá díẹ̀ kí wọ́n lè rí okun fi ja èyí tó kù.

Àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n sá. Ìwà wọn yí padà lójú mi. Ẹni tó ń fò ní ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn wá ń wo ọ̀tún wo òsì kó tó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́. Ọwọ́ wọn wúwo. Valvano rí i, ó sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀: Houston ò mọ bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ jù, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀. Nínú 19 tí wọ́n jù lálẹ́ ọjọ́ náà, 10 ló wọlé. Ó ní kí àwọn ọmọ òun máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, 52 sí 46 ni, Houston ló ṣì ń ṣíwájú. NC State ń ju láti ọ̀nà jíjìn, ó ń wọlé. Ó di 52 sí 52.

Ó ku ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ nígbà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ Alvin Franklin, ọmọ tó ṣì wà ní ọdún kìíní rẹ̀ ní yunifásítì. Bọ́ọ̀lù irú èyí, bí ti àkọ́kọ́ kò bá wọlé, kò sí èkejì. Ó jù ú, kò wọlé. NC State gba bọ́ọ̀lù, wọ́n fẹ́ dì í mú títí dé ìjù ìkẹyìn. Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Dereck Whittenburg rá a mú, ó kù díẹ̀ kí aago tán, ó sọ ọ́ sókè láti ibi tó jìnnà gan-an. Bọ́ọ̀lù ò tilẹ̀ dé agbọ̀n. Lorenzo Charles wà lábẹ́, ó fò, ó gbá a mú lófuurufú, ó ki í bọ inú agbọ̀n. 54 sí 52. Wọ́n fi dọ́ǹkì lu àwọn ọ̀gá dọ́ǹkì. Valvano ń sáré kiri orí pápá, ó ń wá ẹni tó máa dì mọ́, àwòrán yẹn ni tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kì í yéé gbé jáde lọ́dọọdún.

Hakeem jẹ àmì 20 lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀méjìdínlógún ló gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí kò wọlé, tó ta padà. Ẹni ogún ọdún ni. Òun ni wọ́n fún ní oyè agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ rẹ̀ pàdánù, kò sì tíì sí ẹlòmíràn láti ìgbà náà tó gba oyè yẹn láti inú ikọ̀ tó pàdánù.

Bí mo ṣe ń wo eré yìí ni ohun kan yé mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé Lewis kì í ṣe nǹkan kan, alẹ́ ọjọ́ yẹn ló yẹ kó ti hàn. Ṣùgbọ́n òdìkejì ló hàn. Alẹ́ tí gbogbo ayé ń bú u lé lórí ni alẹ́ tó ki ọwọ́ bọ eré àwọn ọmọ rẹ̀, tó ní kí wọ́n gbá a bí ẹlòmíràn ṣe ń gbá a. Ìyẹn ni pé òmìnira tó fún wọn láti oṣù Kọkànlá títí di alẹ́ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó yàn ni, ó sì ṣeé mú kúrò. Nígbà tó mú un kúrò, a rí ohun tó ń gbé ró.

Ó ṣìṣe lálẹ́ náà, mi ò ní gbèjà rẹ̀ lórí ìyẹn. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí àṣìṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá di orúkọ ọgbọ̀n ọdún.

Ohun tí wọ́n fòfin dè

Ẹni tó bá dàgbà sí eré tòní kò ní mọ bí dọ́ǹkì ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjà tó nígbà kan. Lẹ́yìn sáà 1966 sí 1967, NCAA fòfin dè é. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni agbábọ́ọ̀lù yunifásítì kò lè fi ọwọ́ ki bọ́ọ̀lù bọ inú agbọ̀n, wọn ò sì dá a padà títí di 1976. Wọ́n ní ó ń ba agbọ̀n jẹ́, ó ń ṣe èèyàn léṣe. Ṣùgbọ́n Lew Alcindor, tó wá di Kareem Abdul-Jabbar, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, ni, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú gbà pé nítorí tirẹ̀ ni, àti nítorí irú tirẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárín àwọn àgbà akọ́nimọ̀ọ́gbá ìgbà yẹn, ẹni tó ń fò jù ni ẹni tí kò ní ìwà. Ẹni tó bá jù ú láti àyà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nílẹ̀, òun ni ọmọlúàbí. Lewis rí i lọ́nà mìíràn. Ó máa ń sọ pé kò sí bọ́ọ̀lù tó dájú tó èyí tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọ inú agbọ̀n. Kí ló dé tí o máa dúró lókèèrè tí o bá lè débẹ̀? Ìṣirò lásán ni, àmọ́ ìgboyà ni kí èèyàn ṣe ìṣirò náà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ìwà pálapàla. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ: ojú tí wọ́n fi wo àwọn ọmọ Houston nìyẹn, pé ara ni wọ́n ní, wọn ò ní orí. Mo sì rò pé "ó kàn ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wọn" wà lára ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí ikọ̀ tí òyìnbó pọ̀ nínú rẹ̀ bá borí, wọ́n á ní akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn gbọ́n. Nígbà tí àwọn ọmọ dúdú Houston bá borí, wọ́n á ní ẹ̀bùn àbímọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà kò fún Lewis ní iyì rẹ̀, kò sì fún àwọn ọmọ náà ní tiwọn.

Rayville àti Baton Rouge

A bí Guy Vernon Lewis ní 1922, ní Arp, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn Texas. Ó ṣe ológun ojú òfuurufú nígbà ogun àgbáyé kejì, ó padà dé, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún Yunifásítì Houston. Ní 1953 ó di igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá, ní 1956 wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Yunifásítì náà ò ní gbọ̀ngàn eré tirẹ̀ nígbà náà, gbọ̀ngàn àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n máa ń yá lò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó máa wu ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù.

Ní 1964, ó kọjá sí Louisiana tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó mú Elvin Hayes láti Rayville, ó mú Don Chaney láti Baton Rouge. Àwọn méjèèjì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún Houston. Ẹ rántí ọdún náà. Ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ní Amẹ́ríkà ni. Ọdún méjì ló kù kí yunifásítì Texas Western tó fi aláwọ̀ dúdú márùn-ún bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá NCAA, tí wọ́n sì lu yunifásítì Kentucky. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana ò gba irú Hayes àti Chaney sínú ikọ̀ rẹ̀, nínú ìlú tí wọ́n bí Chaney sí gan-an. Àwọn ọmọ tí wọ́n lé jáde nílé ni Lewis lọ kó.

Mi ò ní sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ó fẹ́ borí, ó sì mọ̀ pé àwọn ọmọ wọ̀nyí máa jẹ́ kí òun borí. Ṣùgbọ́n gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá gúúsù Amẹ́ríkà ló fẹ́ borí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì yàn láti máa pàdánù dípò kí wọ́n gba ọmọ dúdú. Ìyàtọ̀ yẹn kò kéré lójú mi.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ méjì yìí wà ní Astrodome, pápá ìṣeré abẹ́ òrùlé tí wọ́n kọ́ fún beisibọ́ọ̀lù. Lewis ló ta kú pé kí wọ́n pe UCLA wá gbá a níbẹ̀. Àwọn èèyàn ní ìwà wèrè ni, pé ta ló fẹ́ wo básíkẹ́ẹ̀tì láti ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀? Orí pákó tí wọ́n tẹ́ fún eré náà, láti Los Angeles ni wọ́n ti rù ú wá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1968, èèyàn 52,693 jókòó, àwọn tó kù wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. UCLA ti borí ìgbà 47 tẹ̀léra. Hayes jẹ àmì 39. Houston fi 71 sí 69 lù wọ́n. Lóṣù Kẹta, UCLA gbẹ̀san, 101 sí 69, gbẹ̀san tó dunni. Ṣùgbọ́n lónìí, pápá ńláńlá abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń gbá àṣekágbá NCAA, ẹni tó bá sì ń wo tẹlifíṣọ̀n lóṣù Kẹta ń wo ohun tí Lewis kọ́kọ́ fojú inú rí.

Ọmọ Èkó tó wọ takisí dé

Mi ò ní tún ìtàn Hakeem sọ, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ló ń gbá ní Èkó, pé ó ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1980 ó dé Houston, kò sí ẹni tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, takisí ló wọ̀ dé yunifásítì.

Ibi tí mo fẹ́ tọ́ka sí ni ọdún méjì tó tẹ̀ lé e. Ọdún àkọ́kọ́, kò gbá rárá. Ìkejì, ó ń ti orí bẹ́ǹṣì wọlé, àmì mẹ́jọ àti díẹ̀ ló ń jẹ nínú eré kan. Kò wú ẹnikẹ́ni lórí. Ó rọrùn láti gbàgbé ọmọ bẹ́ẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, tàbí láti máa pariwo lé e lórí títí ayọ̀ eré á fi tán lára rẹ̀. Lewis àti àwọn igbákejì rẹ̀ ní kó máa lọ sí Fonde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbọ̀ngàn eré ìlú kan ní Houston níbi tí Moses Malone ti máa ń gbá. Malone ni ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ agbọ̀n ní NBA nígbà náà.

Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wo Fonde. Ọmọ tó ga, tó tinrín, tí kò tíì pẹ́ nílùú, ó fẹ̀yìn ti ọkùnrin tó wúwo jù ú lọ dáadáa. Malone á fi ìdí tì í, á fi èjìká tì í, á ṣí i nípò, á gba bọ́ọ̀lù tó ta padà lórí rẹ̀. Kò sí rẹfirí tó máa fọn fèrè. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà á tún padà wá. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1982, kì í ṣe ọmọ tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ń jẹ àmì 13.9 nínú eré kọ̀ọ̀kan, ó ń gba bọ́ọ̀lù 11.4 tó ta padà, ó sì ń gbọ́n bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn dànù níye tó lé ní márùn-ún.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Lewis ò gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ agbọ̀n bíi Malone rí, kò sì ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó mọ ibi tí ẹ̀kọ́ náà wà, ó ní kí ọmọ lọ gbà á níbẹ̀, nígbà tí ọmọ sì padà dé, ó fi àyè sílẹ̀ fún ohun tó kọ́. Bí ìyẹn kì í bá ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fèrè

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó báyìí ni ohun tí mo máa ń rí nígbà tí mo bá yà sí pápá kan l'Èkó níbi tí àwọn ọmọ girama ti ń kọ́ básíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ kan wà níbẹ̀, bàtà kánfáàsì rẹ̀ ti ya níwájú, ọ̀pá ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Lọ́jọ́ kan ó gba bọ́ọ̀lù, ó fi ara yí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ká, ó fò, bọ́ọ̀lù kan etí agbọ̀n, ó jáde. Ó kù díẹ̀ báyìí. Kóòṣì fọn fèrè. Ó ní, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Ó ní kó lọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ọmọ náà jókòó títí wọ́n fi ṣe tán. Nígbà tó tún wọlé lọ́jọ́ mìíràn tí mo wà níbẹ̀, bó bá ti gba bọ́ọ̀lù, yóò kọ́kọ́ bojú wo kóòṣì.

Mi ò bú kóòṣì náà. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà ni, bí wọ́n sì ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ wa nìyẹn ní kíláàsì, ní ilé iṣẹ́ ọwọ́, nílé pàápàá. A gbà pé ẹni tó ń pariwo ló ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ tó bá dákẹ́, tó ń wo ọmọ tó ń gbìyànjú ohun tí kò tíì mọ̀, a máa ń sọ pé owó oṣù lásán ló ń gbà. Bẹ́ẹ̀, kí èèyàn mọ ìgbà tí kò yẹ kí òun fọn fèrè gba ọgbọ́n, ó sì gba ìfọkànbalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ò ní, nítorí bí ọmọ bá ṣubú, orúkọ olùkọ́ ló máa bàjẹ́. Lewis fi orúkọ tirẹ̀ dúró fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́nà yẹn fún ọgbọ̀n ọdún. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ̀rù bà á, ó fọn fèrè.

Ọdún 2013

Lewis fẹ̀yìn tì ní 1986, kò sì darí ikọ̀ kankan mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ ilé ọlọ́lá Naismith ní Springfield, níbi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn àgbà básíkẹ́ẹ̀tì, lọ́kọ̀ọ̀kan: Hayes ní 1990, Drexler ní 2004, Hakeem ní 2008. Don Chaney, ọmọ Baton Rouge yẹn, di akọ́nimọ̀ọ́gbá Houston Rockets, ó darí Hakeem fúnra rẹ̀ láti 1988 sí 1992, NBA sì pè é ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù lọ ní 1991. Ọmọ Lewis ń kọ́ ọmọ Lewis. Bàbá wọn wà níta. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní 2002, kò sì tíì sí ẹni tó pè é. Hayes àti àwọn yòókù ń sọ ọ́ ní gbangba pé ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀gá àwọn ò dáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Houston gbà pé alẹ́ Albuquerque ló ń fi ìyà jẹ ẹ́, pé bí Whittenburg bá ju bọ́ọ̀lù yẹn sápá ibòmíràn ni, wọn ì bá ti pè é ṣáájú àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá.

Ọdún 2013 ni wọ́n tó pè é. Ẹni ọdún 91 ni, orí kẹ̀kẹ́ aláìlera ló jókòó sí. Hayes, Drexler àti Hakeem ló tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ó kú.

Àwọn kan á ní ó ṣáà rí i gbà kó tó kú, pé ká dúpẹ́. Mo bá wọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà láàárín ìgbà tó fẹ̀yìn tì àti ọjọ́ tí wọ́n pè é, mẹ́rìndínlógún nínú rẹ̀ ni ara rẹ̀ fi le kí àrùn yẹn tó dé. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ò yí padà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò borí eré kan sí i, kò pàdánù ọ̀kan sí i. Ohun tí wọ́n rí ní 2013 ni ohun tó wà níwájú wọn ní 1986. Ó yẹ kí wọ́n ti pè é nígbà tó ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun orí pèpéle, pẹ̀lú aṣọ ìnura pupa àti funfun tó máa ń dì mú nínú gbogbo eré, kó fi ohùn ara rẹ̀ sọ fún wọn ohun tó rí lára àwọn ọmọ tó mú wá láti Rayville, láti Baton Rouge àti láti Èkó.